Bí Omi Ti Í Wọ Inú Ara: Ọ̀rọ̀ Lórí Iyọ̀, Ṣúgà àti Àrùn Onígbáméjì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kò jìnnà sí ìdí ààrò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni.

Kò sí ẹni tí ń ta tòmátì ní ọjà Mile 12 tí kò mọ̀ pé bí a bá gé e, tí a sì bu iyọ̀ sí i, kò ní í pẹ́ tí omi yóò fi máa sun jáde lára rẹ̀. Ta ni ó fún un? Kò sí ẹni tí ó fún un. Iyọ̀ ni ó pè é. Nítorí ara gbogbo ohun alààyè, ìbáà ṣe èso, ìbáà ṣe ènìyàn, ni a fi àwọn yàrá kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní awọ tín-ín-rín tí ó fi bora, ọ̀rá ni ó sì pọ̀ jù nínú awọ náà. Omi rí ọ̀nà gbà á kọjá, a sì máa lọ sí ìhà tí iyọ̀ bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ṣúgà kò lè kọjá bí kò ṣe láti ẹnu-ọ̀nà tiwọn.

Òfin yìí kan náà ni àrùn onígbáméjì fi ń pa ènìyàn. Oró kòkòrò rẹ̀ a máa ṣí àwọn ẹnu-ọ̀nà kan sílẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ìfun, iyọ̀ ara a tú jáde sínú ìfun, omi a sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mú gidigidi lè pàdánù omi tí ó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde àrùn náà, Kosofe wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dárúkọ.

Àwọn kan a máa dá omi dúró fún ọmọ, kí ìgbẹ́ lè dá. Èyí burú púpọ̀. Àwọn mìíràn a máa fún un ní omi lásán, ṣùgbọ́n omi lásán kò ní ohun tí yóò fà á wọ inú ara. Ní ọdún 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé ẹnu-ọ̀nà kan wà ní ìfun tí iyọ̀ àti ṣúgà í jọ gbà wọlé pọ̀. Onígbáméjì kì í ba ẹnu-ọ̀nà yìí jẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi a tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1971, ní Bongaon ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn tí ogun Bangladesh lé kúrò nílé kó jọ sí, Dókítà Dilip Mahalanabis fi omi iyọ̀ òun ṣúgà tọ́jú àwọn aláìsàn. Ikú tí ń mú bí 30 nínú 100 sì dín kù títí kò fi pé 4.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ilé mọ èyí: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò kún ré kọjá etí, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà. Ẹ má ṣe bu iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù yóò pe omi jáde lára ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti pè é jáde lára tòmátì. Bí ẹ bá rí èyí tí a pò sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, òun ni ó sàn jù. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ìyá má sì ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ tí kò lè mu mọ́, iṣan ni a ó ti fi omi sí i lára.

Iyọ̀ kò wọ́n ní ọjà wa, ṣúgà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ náà wà ní gbogbo ilé kí òjò tó dé.