Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Àbúlé Wa: Bí A Ṣe Ń Mọ Àìsàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí àwa Ìgbìmọ̀ Ẹ̀rọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò

Ọ̀rọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ fọkanáísà nìkan ni, kí ó rántí ọjọ́ tí táyà tirela jò mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú iṣu lórí rẹ̀. Ní òkè Odò Ọya tí a tẹ̀dó sí yìí, kí a tó rí ẹni tí ó mọ kọ̀mpírẹ́sọ̀ í tún ṣe dáadáa, ó lè di Jẹ́bà tàbí Ìlọrin. Èyí tí ọwọ́ wa bá ká, kí a máa ṣe é níhìn-ín. Èyí tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn, kí a mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ́ńjìnnì ní ń yí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ní ń yí pọ́ǹpù. Nínú pọ́ǹpù ni písítìn wà, tí ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí ọmọrí odó. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó fa atẹ́gùn wọlé láti ẹnu asẹ́. Bí ó bá gòkè, ó tì í sínú táǹkì. Irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe bí ilẹ̀kùn: ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Àwọn ni fáàfù.

Ìṣòro tí a sábà ń bá pàdé ni pé ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n géèjì kò gòkè. Ẹ má tíì gbé sípánà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí táǹkì, bóyá ẹni tí ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ lánàá gbàgbé láti tì í padà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín. Bí ó bá wọlé ní nǹkan bí ìdajì íńṣì, ó dára. Bí ó bá rọ̀ bí okùn ìsáṣọ, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀, pọ́ǹpù kò sì ní yí tó bí ó ti yẹ.

Bí bẹ́líìtì bá dára, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi pa gbogbo oríkèé páìpù, ìdí géèjì àti ẹnu rọ́bà. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Bí kò bá hó níbì kankan, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu asẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ó máa fa ọwọ́. Bí ìfà rẹ̀ kò bá lágbára, ẹ yọ asẹ́ kúrò kí ẹ tún dán an wò, nítorí eruku ọyẹ́ ibí yìí kì í pẹ́ dí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fa ọwọ́ tí ó sì tún ń fẹ́ padà, fáàfù ìwọlé kò dé mọ́. Ó ti sán, tàbí ìdọ̀tí há sí i lẹ́nu.

Èyí ń fẹ́ kí a tú orí pọ́ǹpù. Kí a tó tú u, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí a sì tú gbogbo atẹ́gùn inú táǹkì dànù títí géèjì yóò fi dé orí òdo. Kí a jẹ́ kí orí náà tutù. Ìdọ̀tí tí ó ti gan mọ́ fáàfù, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ ra á. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ máa ń gbóná gan-an bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, oru pẹtiróòlù tí ó bá ṣẹ́kù lè gbiná nínú rẹ̀. Bí fáàfù bá ti sán, tuntun ni kí a rà. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀: páálí tí a gé dípò rẹ̀ yóò jó. Bí a bá ń dè é padà, kí a má fún nọ́ọ̀tì kan pa kí a tó kan èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́.

Bí atẹ́gùn bá ń tu ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí ríìngì písítìn ti jẹ. Ti ríìngì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ táǹkì ni ó kù, òun gan-an ni a torí rẹ̀ pè yín. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, fáàfù ààbò orí táǹkì wa, èyí tí ó ní òrùka kékeré lórí, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo ìgbà tí géèjì bá kọjá 120, yóò tú atẹ́gùn pẹ̀ẹ̀. Ariwo rẹ̀ sú wa. A ní ó ti bàjẹ́, a yọ ọ́, a sì fi bóòtù dí ojú ihò rẹ̀. Àwa tí a dúró síwájú yín yìí ni a ṣe é. Fáàfù náà kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí ó yẹ kí ó máa dá pọ́ǹpù dúró ni ó ti há, fáàfù ààbò sì ń pariwo kí a lè mọ̀. A di ẹni tí ń ké lẹ́nu, a sì ń bá iṣẹ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá alákàrà tí ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Ọlọ́run lò fún wa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ yín yìí ń làágùn lábẹ́ ikùn o.” A dọ̀bálẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni: omi pupa ń yọ kínkín ní ibì kan tí kò tó ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ wo bí omi ṣe dé inú rẹ̀. Omi wà nínú atẹ́gùn, pàápàá nígbà òjò. Bí a bá fún atẹ́gùn pọ̀ tí ó sì tutù nínú táǹkì, omi náà yóò já sílẹ̀, bí ó ti ń sẹ̀ sára ìgò tútù. Yóò dúró sí ìsàlẹ̀, irin yóò sì máa dípẹtà láti inú wá nígbà tí ọ̀dà ṣì ń dán níta. Táǹkì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 10, bí géèjì bá wà ní 120, ipá tí ń ti orí náà ju pọ́n-ùn 9,400 lọ. Ó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 85 lọ. Irin tí ó ti fẹ́lẹ́ ni ó di gbogbo ẹrù yẹn mú, àwọn ọmọ yín sì ń jókòó lé e lórí.

Àwọn kan ní kí a jó ojú ihò náà pọ̀. A kọ̀. Bí ibì kan bá ti lu, ibi tí ó yí i ká ti fẹ́lẹ́, iná ìjórin yóò tún sọ ọ́ di aláìlágbára sí i. A ra táǹkì mìíràn, pẹ̀lú fáàfù ààbò tuntun, nínú owó tí ẹ dá fún òrùlé búkà ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí òrùlé náà kò fi tíì parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa wí, àkókò nìyí.

Ìlànà wa láti òní: ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá lo ẹ̀rọ, ẹni tí ó lò ó gbẹ̀yìn ni yóò tú omi ìdí táǹkì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó fa òrùka fáàfù ààbò wò bóyá ó ń mí. Kò sí ẹni tí yóò tún mú géèjì kọjá 120. Kí tilẹ̀ ni a fẹ́ fi ṣe? Táyà ẹ̀yìn katakata kì í sábà gbà ju 12 sí 20 lọ nínú oko, bí ó bá sì le jù, ilẹ̀ ebè wa ni yóò tẹ̀ pa. Kí ẹ̀yin ọmọ má sì fi rọ́bà rẹ̀ fẹ́ ara yín mọ́ o. Atẹ́gùn yẹn lè fọ́ ojú, ó sì lè gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ara.

Táǹkì àtijọ́ wà lẹ́yìn búkà, a ti fi ayùn irin là á sí méjì. Bí ìpàdé bá ti tú, kí a jọ lọ síbẹ̀. Kí olúkúlùkù fi ọwọ́ pa inú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra, etí rẹ̀ mú.