Ẹ̀rọ Kò Tíì Mọ Ohùn Ìyá Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọmọ ìlú)

 

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń gbé ní Ayétòrò, èmi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí níbi iṣẹ́. Ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá, tó jókòó tì mí, wò mí lójú, ó ní, "Ta lẹ ń bá jà?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà! Iye tó ta ẹja rẹ̀ lọ́jà Igbókòdá ló ń sọ fún mi, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó dàgbà létí òkun, tó ní láti pariwo ju ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ìgbì lọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ, kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "A wà dáadáa, ọmọ mi. Kò séwu." Àyà mi já lójú ẹsẹ̀. Mo pe àbúrò mi, ó ní òkun ti gbé ilé ìdáná màmá lọ lóru àná.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Ẹ̀rọ ti wà báyìí tó ń tẹ́tí sí ohùn èèyàn, tó sì ń sọ bóyá inú rẹ̀ dùn, bóyá ó ń bínú, bóyá ìbànújẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń lò ó níbi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Àwọn oníṣègùn náà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè tètè fi ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn hàn. Ohun tó ń gbọ́ ni bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, bó ṣe le tó, bó ṣe yá tó, àti ibi tó ti ń dánu dúró.

Tí ẹ bá gbé ìpè màmá méjèèjì fún un ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé á ní inú ń bí i lọ́jọ́ tó ń dunnú, á sì ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sunkún sínú.

Ohun tí a bá kọ́ ẹ̀rọ náà ló mọ̀. Ọ̀kan nínú àkójọ ohùn tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ti ìlú Berlin ní Jámánì wá, lọ́dún 2005. Òṣèré 10 ni wọ́n kó jọ, ọkùnrin 5, obìnrin 5, wọ́n ń fi èdè Jámánì ṣe bí ẹni tó ń bínú, tó ń bẹ̀rù, tó ń yọ̀. Tiwa wá yàtọ̀. Nínú Yorùbá, ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Gbé e sókè, ọkọ ìyàwó á di ọkọ́ tí a fi ń roko. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á di ọkọ̀ tí a fi ń ná Igbókòdá. Ibi tí ẹ̀rọ rò pé inú ló ń ru, ọ̀rọ̀ lásán lè ni.

Mi ò ní àwa èèyàn ò jọra o. Ní 2010, Disa Sauter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, bí ẹkún àti ẹ̀rín, han àwọn ará Bìrìtìkó àti àwọn Himba ní àríwá Nàmíbíà. Àwọn méjèèjì dá ìbínú, ẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ẹ̀rín ara wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohùn ayọ̀ yòókù rú wọn lójú. Ẹ ò rí i pé ayọ̀ màmá gan-an ni ará ibi iṣẹ́ mi pè ní ìjà?

Àwọn òyìnbó pàápàá ti ń ṣọ́ra. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì, 2025, òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí wo inú èèyàn níbi iṣẹ́ tàbí nílé ìwé, àyàfi nítorí ìlera tàbí ààbò.

Ohun mẹ́ta ni mo wá bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́, tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹ ohùn yín wò, ẹ bi wọ́n pé èdè wo ló fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì ní kí èèyàn tó gbọ́ èdè yín bá yín sọ̀rọ̀. Èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ, pẹ̀lú àṣẹ wọn, kó sì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ lọ́la á wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ni ín. Ẹ̀kẹta, ẹ máa pe ilé. Fóìsì-nóòtì nìkan ò tó. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fún àwa tí a wà lájò, ohùn lojú wa.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìpè yẹn, mo wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá. Nígbà tí màmá rí mi, ó pariwo débi pé gbogbo àdúgbò jáde. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀.

 Kí òkun má gba ilé lọ́wọ́ wa o.