Àgbà Ẹnjiníà Kò Gbọdọ̀ Jókòó Sílé: Òṣogbo, Iná Mànàmáná àti Iṣẹ́ Dátà Sẹ́ńtà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ìgbìmọ̀ tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn dátà sẹ́ńtà tó ń pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè wa, àti iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Láìsí iná àti òtútù, kò sí dátà sẹ́ńtà. Àwọn tó mọ iná àti òtútù dénú egungun sì ti wà ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti bí àádọ́ta ọdún. Àwa la kò pè wọ́n.

Ohun tí à ń pè ní dátà sẹ́ńtà

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní server sí ni, tí wọ́n sì fi okùn fáíbà so wọ́n mọ́ ayé. Owó tí ẹ fi fóònù ránṣẹ́ láàárọ̀, èsì ìdánwò ọmọ yín, àwòrán tí ẹ gbé sórí Facebook, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìyẹn náà tó.

Èkó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ MainOne, tí Arábìnrin Funke Opeke tó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀, fa okùn abẹ́ òkun tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Pọtogí wá sí Èkó. Ní 2013, Rack Centre dé sí Oregun. Ní 2015, MainOne ṣí dátà sẹ́ńtà tirẹ̀ ní Lẹkki. Nígbà tó fi máa di 2022, ilé iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ti ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là, okùn Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Airtel fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀ ní Eko Atlantic ní 2024, MTN sì ṣí tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2025.

Kí ló fa gbogbo eré yìí? Jíjìnnà ni àkọ́kọ́. Bí ohun tí ẹ ń wá bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní láti la okùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà já ní àlọ àti àbọ̀. Bó bá wà ní Èkó, kí ẹ tó ṣẹ́jú ló ti dé Òṣogbo. Èkejì, ní oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Gbogbo yín rántí ọjọ́ tí báńkì kò dáhùn. Ẹ̀kẹta ni òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023. Ẹni tó bá kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn wa jọ kò lè lò ó, tàbí kó gbé e lọ sókè òkun, bó ti wù ú mọ́.

Ìlú iná ni Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí kò mọ ohun tó wà láàárín wọn. Wọ́n mọ odò Ọ̀ṣun. Wọ́n mọ igbó ọlọ́wọ̀ tí UNESCO fi sínú àkójọ rẹ̀ ní 2005. Wọ́n mọ aró. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, Àbújá ni wọ́n á dárúkọ. Kì í ṣe Àbújá. Òṣogbo ni. National Control Centre, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní NCC, ìlú yìí ló wà.

Bó ṣe dé ibí kò ṣòro. Nígbà tí ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, wọ́n ní láti gbé iná láti Odò Ọya dé Èkó, waya alágbára 330 kV náà sì gba Òṣogbo kọjá. Lónìí, waya ńláńlá láti Jẹ́bà, Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìkẹjà àti Benin ló pàdé níbí. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé ni ọjà máa ń wà. Ibi tí waya ti pàdé ni wọ́n gbé ìṣàkóso sí.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ wo yàrá ìṣàkóso náà. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n ya gbogbo ibùdó iná orílẹ̀-èdè yìí sí, tí iná wẹẹrẹ ń tàn lórí rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò: 50. Bí iná tí àwọn ibùdó ń pèsè bá ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tí àwa ń lò, 50 hertz ló máa dúró sí. Bí ohun tí à ń lò bá ju èyí tó ń wọlé lọ, nọ́ńbà náà á máa lọ sílẹ̀. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun jókòó sídìí tábìlì, kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí a ti dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀: 49.8, 49.7, 49.6. Bàbá gbé fóònù, ó ní kí ibùdó kan fi kún tirẹ̀. Ó gbé fóònù kejì, ó ní kí wọ́n já waya àwọn àdúgbò kan ní ibòmíràn. Kò pariwo, kò sì dìde. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà náà fi padà sí 50. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi í léèrè ìwé tó ti kọ́ ọ. Bàbá ní ìwé kọ́ òun ní ìdajì. Àwọn òru tí iná wó lulẹ̀ ló kọ́ òun ní ìdajì yòókù.

Ìdajì kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, gíríìdì, ìyẹn àkójọpọ̀ waya tó ń gbé iná kiri orílẹ̀-èdè, wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 14, ó tún wó ní ọjọ́ 15 àti ní ọjọ́ 19. Aráàlú bú gbogbo ayé, wọn kò sì jẹ̀bi. Àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń jí gíríìdì tó ti kú? Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó tó lè jí fúnra rẹ̀ láìyá iná ibòmíràn. Irú èyí tí omi ń yí dára fún un, torí kò nílò iná púpọ̀ kó tó gbéra. Wọ́n á wá gbé iná sórí waya kan. Waya gígùn tí kò ru ẹrù máa ń mú kí agbára iná ga ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tètè gbé ẹrù lé e. Bí ẹrù náà bá sì pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà á já wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún kú. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìlú kan tẹ̀lé ìkejì. Iṣẹ́ sùúrù ni, iṣẹ́ àgbà ni.

Ẹ wá wo dátà sẹ́ńtà. Iná ìjọba lọ. Bátìrì UPS gbà á lójú ẹsẹ̀, àwọn server kò mọ̀ rárá. Láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti gbéra. Wọn kì í kó gbogbo ẹrù lé e lórí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ilé tutù á wọlé ní ìpele-ní-ìpele, kí jẹnẹrétọ̀ má baà kú. Ohun tí bàbá onírun funfun yẹn ń ṣe fún orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ṣe nínú ilé kan ṣoṣo. Ilé tó bá gba òǹtẹ̀ Tier III, ọ̀kan nínú ìpele tí wọ́n fi ń díwọ̀n dátà sẹ́ńtà, wọ́n sábà máa ń retí kó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdá 99.982 nínú ọgọ́rùn-ún ọdọọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò gbọdọ̀ kú ju bíi ìṣẹ́jú 95 lọ láàárín ọdún kan gbáko. Ta lẹ máa fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́? Ṣé ọmọ tó parí ẹ̀kọ́ lọ́dún tó kọjá ni?

Àríyànjiyàn tí kò tíì tán

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fa ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí lára wọn nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí a kọ́ gbogbo ọmọ ní coding, pé ayé àwọn oníwaya àti oníjẹnẹrétọ̀ ti lọ. Mi ò bá coding jà. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n, kó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ máa ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná. Dátà sẹ́ńtà Airtel tí mo dárúkọ, 38 megawatt ni wọ́n là kalẹ̀ fún un. Gíríìdì wa tó ń gbé bíi 4,000 megawatt kiri, ilé kan ṣoṣo yẹn lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà iná lèyí.

Wọ́n tún máa ń sọ pé dátà sẹ́ńtà kì í gba ènìyàn púpọ̀. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í pọ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá iṣẹ́ fún yín ń tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹni tó mọ waya 33 kV àti 11 kV, tó mọ bí a ṣe ń to relay tó ń dáàbò bo waya, kó má baà já nígbà tí kò yẹ kó já, wọ́n ń wá a. Ẹni tó lè gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ kó mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n ń wá a. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ọwọ́ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ní NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, wà nínú ohun tí wọ́n fi dúró. A kì í rántí wọn báyìí.

Ẹ kẹ́tí sí i, torí ìbáwí ló kàn. Ní 1980, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ níbí. Ní 1983, ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé ńlá ni méjèèjì jẹ́ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ ń dínkù, ta ló kọ orúkọ àwọn tó mọṣẹ́ sílẹ̀? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa PHCN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì gba ilé lọ. Ìmọ̀ ọgbọ̀n ọdún bá wọn lọ. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ló pe ọ̀kan nínú wọn wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi. A máa ń béèrè fún Ph.D. lọ́wọ́ ẹni tó ti jí gíríìdì dìde lóru. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa wá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìlẹ́ṣà àti òtútù

Iná tí server bá jẹ, ooru ló máa dà, ẹni tó máa kó ooru náà jáde ṣe pàtàkì bí ẹni tó gbé iná wọlé. Láti 1978 ni ilé iṣẹ́ ọtí International Breweries ti ń pọn ọtí ní Ìlẹ́ṣà, ọtí kì í sì í ṣeé pọn láìsí ẹ̀rọ òtútù tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ti tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kò nílò ju oṣù díẹ̀ lọ kó tó mọ ti dátà sẹ́ńtà.

Ṣé dátà sẹ́ńtà lè dé ọ̀dọ̀ wa?

Ó lè dé, bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ní 2006, The Dalles, ìlú kékeré kan létí odò Columbia ní Oregon, ni Google kọ́ dátà sẹ́ńtà sí, torí iná tó wà níbẹ̀. Òfin iná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ní Ireland, dátà sẹ́ńtà nìkan gba ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè náà lò ní 2023. Kí ilé server má gba iná lẹ́nu ilé ìwòsàn.

Ìmọ̀ràn

Ọ̀kan: kí ìjọba ìpínlẹ̀, tí Ilé Ìjọba (Government House) kò jìnnà sí wa ní Òkè-Fìà yìí, kọ orúkọ àwọn ẹnjiníà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀. Èkejì: kí UNIOSUN, Poli Ẹdẹ àti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Ẹ̀sà-Òkè pè wọ́n wá kọ́ni, láìwo sátífíkéètì. Ẹ̀kẹta: kí ìjọba kó àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí sínú dátà sẹ́ńtà kékeré kan nílé, kí àwọn ọ̀dọ́ fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ẹnjiníà tí ẹ wà nílé, ẹ má dúró de lẹ́tà. Ẹ jáde wá. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀, ẹ mú ọ̀dọ́ méjì mọ́ra, ẹ kọ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá wọn nílé, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání.