Ọmú Ni Kó Ṣáájú

Ẹ̀yin ìyá ìkókó! Ṣé ọmọ jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi mílíìkì ìkókó alágolo kún ọmú ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni yín. Ta ló mọ bí òru yín ṣe rí? Ta ló mọ ọ̀gá tó ń retí yín níbi iṣẹ́? Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà ló dára jù, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé ṣe ńkọ́?

Ọmú ni kó ṣáájú. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń sun tó. Tí kò bá fà á mọ́, á máa gbẹ. Lóru ńkọ́? Ọmú náà ni.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ po mílíìkì, ṣíbí inú agolo ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kó tutù kó tó dé ẹnu ọmọ. Agolo wọ́n, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bomi là á kó lè pẹ́ kó tó tán. Omi lásán kì í tọ́ ọmọ.

Tí ọmọ kò bá tọ̀ dáadáa, tàbí tó ń rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lónìí.