Kíkọ́ Iṣẹ́ Láti Inú Fídíò

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó dé kíláàsì, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá: bí ènìyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ láti inú fídíò, kí iṣẹ́ náà sì di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. Àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló wà, ní ẹkùn Collines. Àwọn òkè ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Faransé. Àwọn ènìyàn a máa pe Ìdáàṣà ní ìlú olókè 41. Ní ẹkùn yìí, ilẹ̀ ọlọ́rinrin tó wà nísàlẹ̀ òkè dára fún ìrẹsì. Àwọn obìnrin ló ń sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tó tà á.

Sísè yìí ni owó wà. Bí a bá sè é dáadáa, kì í fọ́ púpọ̀ ní ẹ̀rọ. Oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore tó wà lábẹ́ èèpo náà a sì wọ inú hóró. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é bákan, á fọ́ wẹ́wẹ́, á dúdú, òkúta á wà nínú rẹ̀. Oníbàárà á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, eyín rẹ̀ á kan òkúta, á sì kọjá lọ sídìí ìrẹsì òkè òkun. Ta ló pàdánù? Obìnrin tó ti sun igi, tó ti pọn omi, tó sì ní owó ilé-ìwé ọmọ láti san ni.

Ní àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa da ìrẹsì sínú omi, kí wọ́n sè é bí ẹní se ẹ̀wà. Wọn a sì sá a sórí ilẹ̀. Ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ nìyí. Fọ ìrẹsì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí o da èyí tó léfòó nù. Rẹ ẹ́ sínú omi tó gbóná, ṣùgbọ́n tí kò hó, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tún un fọ̀. Wá gbé e sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, kí o gbé ìyẹn lé orí ìkòkò omi tó wà lórí iná, kí o sì dé e. Ooru omi nìkan ni kó sè é, títí èèpo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lẹ́yìn náà, sá a sórí tapólì tó mọ́.

Báwo ni ọ̀nà yìí ṣe dé abúlé? Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, AfricaRice, kó wá sí Kùtọ̀nú ní ọdún 2005, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ya fídíò nípa iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ọ̀gá tó wọ kóòtù ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ o. Àwọn obìnrin tó ń sè ìrẹsì gan-an ni, pẹ̀lú ìkòkò àti iná wọn.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 dé oṣù karùn-ún ọdún 2008, Espérance Zossou àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bi obìnrin 160 àti ẹgbẹ́ obìnrin 17 léèrè ní àárín Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó wúlò jù: ṣé fídíò ni, àbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Fídíò dé ọ̀dọ̀ obìnrin 74 nínú 100. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ 27 péré. Nínú àwọn tó wo fídíò, ó lé ní 95 nínú 100 tó ń sá ìrẹsì sórí tapólì, tí wọ́n sì ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó rò ó. Àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò wo fídíò ńkọ́? Bí ìdajì wọn ni.

Kí ló fà á? Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá yàn ló ń lọ, àwọn tó lẹ́nu nílùú sì ni wọ́n máa ń yàn. Owó àjẹmọ́nú tún wà níbẹ̀, nítorí náà ìjà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n fídíò, gbangba ni wọ́n gbé e sí. Ìyàwó ilé rí i, opó rí i, àlejò náà rí i. Kò sí ẹni tó lè di ìmọ̀ náà mọ́ ìdí aṣọ.

Ẹ má gbàgbé pé wíwò nìkan kò tó o. Ẹni tó wo ijó kò tíì jó. Bí ẹ bá ń wo fídíò iṣẹ́, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wò ó tán lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀rọ̀.
2. Ẹ tún un wò. Níbi tí kò bá yé yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi ara yín léèrè. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.
3. Ẹ fi ọwọ́ ṣe díẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, díẹ̀ ló bàjẹ́.
4. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: kóńgò mélòó, igi èló, èló lẹ tà á. Iṣẹ́ tí ìwé tí ẹ ń kọ́ yìí wà fún nìyẹn.
5. Ẹ padà lọ wo fídíò náà. Ẹ ó rí ohun tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó kù síbi tiyín. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò lè rí inú ìkòkò tí a dé. Ta ló máa wá fi hàn wá bí ooru ṣe ń gba àárín ìrẹsì kọjá? Ẹni tó mọ àwòrán yà ni. Iṣẹ́ kan wà lóde báyìí, tí wọ́n fi ń ya èéfín, eruku, òjò àti ooru kí wọ́n máa rìn. Àdììtú rẹ̀ kò pọ̀. Ooru kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a bí lẹ́nu ìkòkò, ó gòkè, atẹ́gùn tì í, ó ṣá, ó kú, òmíràn sì gba ipò rẹ̀.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ ya ìkòkò kékeré sí igun ojú ewé 24 nínú ìwé yín. Ní ojú ewé kìíní, ẹ fi tóótó méjì sí ẹnu rẹ̀. Ní èkejì, ẹ gbé wọn sókè díẹ̀, kí ẹ fi méjì tuntun sí ìsàlẹ̀. Bí èyí tó dàgbà jù bá ti ga, ẹ jẹ́ kó ṣá, kó pòórá. Ẹ wá fi àtàńpàkò ṣí àwọn ewé náà wéré wéré: ooru á máa rú! Àwòrán 24 ni sinimá ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lórí kọ̀ǹpútà, bákan náà ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ iye ẹ̀kán, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pẹ́ tó láyé, àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kọ̀ǹpútà á ṣe ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Blender ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń lò ó káàkiri ayé sì ń ya fídíò láti fi kọ́ ara wọn. Ọ̀nà márùn-ún tí mo kà lókè yìí náà lẹ ó fi kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, kí ọmọ abúlé ya ooru inú ìkòkò ìyá rẹ̀, kí ó sì fi èdè wa ṣàlàyé rẹ̀, kí abúlé mìíràn lè rí i. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní gbangba, kí òun náà kọ́ni ní gbangba.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí fídíò fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin púpọ̀ ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ?
2. Kí ló ń sè ìrẹsì nínú ìkòkò onílòho nídìí?
3. Iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ tí ẹ lè fi han ẹlòmíràn nínú fídíò? Ẹ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.