Nígbà tí Iṣan Ọmọdé Bá Lágbára Ju Eegun Lọ

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2000, Ronaldo ọmọ Brazil wọ pápá ní Róòmù fún Inter láti bá Lazio gbá bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tó wọlé tó ṣubú lulẹ̀, tó di orúnkún ọ̀tún mú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a. Iṣan tó so egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún mọ́ ojúgun ló já. Ọmọ ọdún 23 ni.

Ká ní ọmọ ọdún 14 ni, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà má já rárá. Eegun ni ì bá ya.

Ẹran iwájú itan ló ń na ẹsẹ̀. Iṣan rẹ̀ di egungun pẹlẹbẹ yẹn mú láti òkè, òmíràn sì ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ kan kókó kékeré tí ọwọ́ ń bà ní orí ojúgun. Lára àgbàlagbà, kókó náà ti di ara kan náà pẹ̀lú ojúgun. Lára ọmọ tó ṣì ń ga, eegun rírọ̀ ló so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń dàgbà. Ọmọkùnrin ọdún 12 sí 17 tó fò láti kan bọ́ọ̀lù lórí, tí ẹran itan rẹ̀ fà á gidigidi, lè fa kókó náà ya.

Ti àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 máa ń fara pamọ́. Ìsàlẹ̀ egungun pẹlẹbẹ yẹn ló ń bó, pẹ̀lú eegun rírọ̀ tó yí i ká. Ẹ́síréè kì í sì í fi eegun rírọ̀ hàn. Bóyá èèpo eegun tín-ín-rín kan ni yóò hàn níbẹ̀. Nítorí náà, dọ́kítà tó mọṣẹ́ á ní kí ọmọ náà dùbúlẹ̀, kó na ẹsẹ̀ tọ́ọ́rọ́, kó sì gbé e sókè. Ọmọ á fún eyín pọ̀, itan á gbọ̀n, gìgísẹ̀ kò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá fi orúnkún méjèèjì wéra, egungun pẹlẹbẹ tẹsẹ̀ tó ń dùn ún á ti sún sókè.

Eegun yíya yìí yàtọ̀ sí ìrora orúnkún ọmọdé tí Robert Osgood ní Amẹ́ríkà àti Carl Schlatter ní Switzerland ṣàlàyé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1903. Ìyẹn ń dunni díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọmọ sì ń rìn. "Ó ń dàgbà ni" lè tọ̀nà níbẹ̀. Kò tọ̀nà fún ọmọ tó gbọ́ "pọ́ọ̀" tí kò sì lè dìde mọ́.

Bí kókó ojúgun bá ya, òpójẹ̀ kan nítòsí lè ya pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú ẹran iwájú ojúgun, ẹran náà á le gbagidi, ó sì lè kú láàárín wákàtí mélòó kan. Ibi tí fífi àgbo wọ́ ọ àti fífi ọparun dì í pinpin ti ń ṣe jàǹbá nìyẹn. Àwọn oníṣègùn eegun wa ti to eegun púpọ̀ tó jinná, ṣùgbọ́n ìdè tó le kò yẹ ẹsẹ̀ tó ń wú. Bí títẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá mú ọmọ ké, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tìpìrì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Níbẹ̀, bí eegun bá ti kúrò láyè rẹ̀, wọ́n á la ojú ibẹ̀, wọ́n á fi irin tàbí wáyà dá a padà, wọ́n á sì fi P.O.P. dì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ tó ṣì kéré gan-an, tí gíga rẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú, ni dọ́kítà kì í tètè fi sílẹ̀: bí iwájú ojúgun bá ṣíwọ́ dídàgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dàgbà, orúnkún lè máa tẹ̀ sẹ́yìn.