Remo Stars: Bí Ìkẹ́nnẹ́ Ṣe Borí Gbogbo Nàìjíríà

(Orin ìbẹ̀rẹ̀, kó rọlẹ̀)

ATỌ́KÙN: Ìbéèrè tòní rèé: báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe gba líìgì Nàìjíríà?

Ìlú náà ò jìnnà sí Èkó. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Máìlì 12, tó gba Ìkòròdú dé Ṣàgámù, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀.

Ọdún 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. FC Dender ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2010 ló di Remo Stars. Oníṣòwò ni Kunle Soname tó ni ín, bẹ́ẹ̀ owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú líìgì wa fi ń ṣeré. Lọ́dún 2015, ọkùnrin náà tún ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Feirense ní ilẹ̀ Potogí.

Ọ̀nà ò dán o! Wọ́n gòkè sí líìgì àgbà, wọ́n já wálẹ̀ lọ́dún 2017. Wọ́n padà, wọ́n tún já lọ́dún 2019. Wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 2021. Lọ́dún 2023, wọ́n ṣe ipò kejì, Enyimba ló ṣíwájú wọn. Lọ́dún 2024, Rangers ni.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n na Niger Tornadoes ní àmì ayò kan sí òdo ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì gba ife nígbà tí ìdíje ṣì ku eré mẹ́ta. Daniel Ogunmodede ni kóòṣì wọn nígbà náà.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Pápá tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Beyond Limits tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́, àti olówó tí kò sá nígbà tí wọ́n já.

(Orin ìparí)